Ohùn Kejì

Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé ìrántí ọdún ilé ẹ̀kọ́ wa ránṣẹ́ sí wa pé kí a kọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú wa ti rí láti ìgbà tí a ti jáde. A mọ̀ pé ìwàásù ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni tí ó wọ ẹ̀wù àlùfáà. Ṣùgbọ́n àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì mọ̀ pé kí a tó mọ ìwàásù ni a ti mọ dùùrù. Títí di òní, bí orúkọ wa bá sọnù lọ́kàn ẹlòmíràn nínú wọn, ohun tí yóò béèrè ni pé, "Èyí tí ó máa ń tẹ dùùrù nígbà náà ńkọ́?" Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, orin ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí: orin tí à ń kọ nínú ilé wa, orin tí a fẹ́ràn, àti ohùn kan nínú orin ilẹ̀ wa tí ẹ̀rù ń bà wá pé ó ń lọ.

Ilé wa kò jìnnà sí ọ̀nà tí ó ti Ìfàkì gba Ọ̀yẹ́ kọjá lọ sí Ìkọ̀lé. Láti ìdájí ni ọkọ̀ ti ń kọjá. Kí ariwo wọn tó pọ̀ ni a máa ń jókòó sí ìdí dùùrù kékeré tí ó wà ní pálọ̀. Bí iná mànàmáná bá wà, a ó tẹ̀ ẹ́; bí kò bá sí, ẹnu ni a ó fi kọ ọ́, nítorí a kì í tan jẹnẹrétọ̀ nítorí orin àárọ̀. Ìyàwó wa a máa gbè é láti ilé ìdáná. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì tíì fẹnu kò lórí bí ó ṣe yẹ kí orin yá tó. Ó ní a máa ń fa orin bí ẹni tí ń fa àgbò tí kò fẹ́ lọ sí ọjà. Àwa náà ní ìdáhùn tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹun àárọ̀ kì í bá aládìídùn rẹ̀ jiyàn.

Alẹ́ ni a máa ń gbọ́ orin àwọn ẹlòmíràn. Kì í ṣe orin ìjọ nìkan, kí ó má ṣe ya àwọn òbí lẹ́nu. I. K. Dairo wà níbẹ̀ pẹ̀lú àkọ́díónì rẹ̀, ẹni tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, tí ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbe orin lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa: kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ. A ó padà sórí èyí. Fela Sowande náà wà níbẹ̀, ọmọ àlùfáà tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905. Ní 1944, nígbà tí ogun ṣì gbóná, ó wà ní London, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ African Suite fún kìkì ohun èlò olókùn. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí ó pè ní Nostalgia, èyíinì ni àárò ilé. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyàwó wa gbọ́ ọ, ó yọjú láti yàrá, ó ní, "Dádì, ta ni ó kú?" A kò tíì rí oníròyìn orin tí ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ jù báyìí lọ.

Ọdún 1971 ni a wọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Dùùrù tí ó wà ní gbọ̀ngàn nígbà náà ni irú èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́ atẹ́gùn sí. Ọ̀kan nínú àwọn eyín rẹ̀ ti yadi kí a tó dé, gbogbo ẹni tí ó bá ń tẹ̀ ẹ́ sì ní láti mọ bí a ti ń fò ó. Ọ̀gá tí ó ń kọ́ wa ní orin a máa gbé àtẹ sol-fa kọ́ ara ògiri, yóò mú ọ̀pá gígùn, yóò máa fi tọ́ka láti orí do dé orí mi, láti orí mi sọ̀ kalẹ̀ padà, àwa yóò sì máa tẹ̀ lé ọ̀pá náà bí àgùntàn ti ń tẹ̀ lé darandaran. Kò sí ìwé orin olórí ìlà márùn-ún fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìhà tiwa nígbà náà. Lẹ́tà ni a fi mọ orin: d, r, m, àti àwọn ìyókù wọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọrin tí ó ti dàgbà ní Èkìtì kò mọ ọ̀nà mìíràn títí di òní, wọ́n sì ń kọ ohun tí ó le tó bí Handel.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá tí ó ń kọ́ wa ní Yorùbá wọlé, ó kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó, ó fi àmì sí i lórí, ó sì ní kí a pè é: dò, re, mí. Ọmọ kan nínú wa nawọ́. "Sà, ṣé do ti àná náà ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró díẹ̀, ó wá ní ìyàtọ̀ kan péré ni ó wà níbẹ̀: do ti orin ní ibi tí ó dúró sí, ṣùgbọ́n dò ti ọ̀rọ̀, níbikíbi tí ẹnu ẹni bá ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní ẹni tí ó bá mọ̀ pé igbá yàtọ̀ sí ìgbà, tí igba sì yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, ti ń kọrin láti kékeré, kò kàn mọ̀ ni. Ìṣẹ́jú méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn gbà á. Ìṣirò ni ó kàn, a sì ti gbàgbé gbogbo ohun tí a kọ́ nínú ìṣirò ọjọ́ náà.

Ìyá wa kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan. Iṣu àti gbágùúdá ni ó ń tà, ó máa ń ná ọjà Ọ̀yẹ́ àti ti Ìkọ̀lé. Nígbà tí a bá wálé fún ìsinmi, a máa ń fi orin tí a kọ́ dánra wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó béèrè pé, "Ọmọ mi, irú ìlù wo ni ìlù ọrùn?" A ní orin ìjọ ni, kò sí ìlù níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ọ, ìlù ọrùn ni a wí, ṣé èyí tí onílù ń gbé kọ́ ọrùn ni? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tú u wò. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó wà nínú ìwé ni ìlú ọ̀run: dò mí, dò re. Ṣùgbọ́n ohùn orin náà, tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, kò gòkè níbi tí ìlú ti gòkè. Ó dúró sí ìsàlẹ̀, ó wá gòkè díẹ̀ níbi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tún wálẹ̀: dò dò, re dò. Etí tí kò mọ ìwé, tí kò lè wo ojú ewé fi tún ohun tí ó gbọ́ ṣe, kò lè gbọ́ ohun mìíràn ju ìlù ọrùn lọ. Àwa tí a mọ̀wé ni ojú wa ń tan etí wa.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó túmọ̀ orin wọ̀nyí kò ṣe iṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ṣe é tọkàntọkàn. Orin wọn ni ó bá àwọn ará Èkìtì tí ogun ti kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ òkèèrè padà wálé, àwọn tí wọ́n ti gbọ́ ìhìn rere níbẹ̀ tí wọ́n sì mú un wá fún àwọn ènìyàn wọn kí àlùfáà kan tó fi ẹsẹ̀ tẹ púpọ̀ nínú àwọn ìlú wa. A kò ní fi irú ogún bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìyá wa kò kúrò létí wa.

Nígbà tí a ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà ní Ìbàdàn ni a rí i pé kì í ṣe ìyá wa nìkan ni ó gbọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni T. K. E. Phillips, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, ni ó jókòó sídìí dùùrù Katidíra Christ Church ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962. Ọdún méjìdínláàádọ́ta! Ó ti kọ́ ìmọ̀ orin ní London kí ó tó gba iṣẹ́ náà. Sowande fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọdé akọrin lábẹ́ rẹ̀. Ní 1953, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde tí ó pè ní Yoruba Music, ohun tí ó sì tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé orin ìsìn tí a bá fi èdè wa kọ ní láti tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, bí orin àwọn baba wa ti ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ kọ irú orin bẹ́ẹ̀ fún ìjọ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ orin Òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, tí ó ń tẹ Bach ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ni ó ń wí èyí. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ó wí i, à bá ní ó ń jowú ni.

Ṣáájú rẹ̀ ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta. Òun máa ń fi orin wàásù, orin tí ohùn rẹ̀ bá ti àwọn ènìyàn rẹ̀ mu. Ní 1922, nígbà tí ó wà ní London, ó kọ orin tí ó lé ní 40 sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni nígbà náà. A ti gbọ́ díẹ̀ nínú wọn. Ariwo àwo pọ̀ níbẹ̀ bí òjò orí páànù, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó pa dà di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọmọ rẹ̀, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ni ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School láti 1932, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ wa. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Fela Aníkúlápó-Kútì. A mọ̀ pé ojú àwọn kan yóò le nígbà tí wọ́n bá rí orúkọ yẹn nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́. Kò burú. Ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ ni à ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orin tí ó fi Yorùbá kọ, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ìlù ọrùn kan níbẹ̀. Ogún bàbá àgbà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan Èkìtì gan-an nìyí. Àwọn tí ó mọ̀ nípa orin ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé níbi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, bí àwọn ènìyàn bá ń gbe orin, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Ṣùgbọ́n ní Èkìtì àti ní Ìjẹ̀ṣà, wọ́n máa ń pín in sí méjì: àwọn kan á gbé ohùn tí ó lọ, àwọn ìyókù á rìn lábẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n àlàfo kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró síbi tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ti ń kọ àlámọ̀ níbi ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà mọ ohun tí à ń wí. Irú ohùn yìí ni ẹ óò gbọ́ lẹ́yìn Dairo, tí Ìjẹ̀ṣà tọ́ dàgbà.

Kí ni ó wá ṣe pàtàkì níbẹ̀? Nígbà tí a kọ́ bí a ti ń to ohùn mẹ́rin jọ lọ́nà ti Òyìnbó, lára ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé bí ohùn òkè bá ń gòkè, ó dára kí bass máa sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n pàdé kí wọ́n sì tún pínyà, kí orin má baà rí bí ẹni méjì tí ó ń sáré tẹ̀ lé ara wọn. Ó dùn létí. A ti fi ṣe iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé wa, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin wa. Ṣùgbọ́n ní èdè tí gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn ti ń yí ìtumọ̀ padà, ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀: bí a tilẹ̀ kọ orin tí ohùn òkè rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu régí, tí soprano sì ń pe ìlú bí ó ti yẹ, bass tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti yí i sódì, ohun tí ó ń pè kò sí nínú èdè kankan. Ohùn kan ń sọ Yorùbá, mẹ́ta ń ráhùn.

Àwọn ìyá wa kò ka ìwé òfin yẹn. Bí ohùn kìíní bá gòkè, ìkejì a gòkè; bí ó bá sọ̀, ìkejì a sọ̀. Ohùn méjì, ọ̀rọ̀ kan. Olúkúlùkù wọn ni ó ń sọ ohun tí orin ń sọ. Tí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọn yóò ní bí àwọn ti bá a nìyẹn. Ó tó ọdún mélòó kan tí a ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí lórí àga dùùrù, ìparí èrò wa sì ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pín orin báyìí mọ iṣẹ́ tó Phillips.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ń kọrin dáadáa, kí a má purọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, tí apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, àwọn ọmọ tí ó mọ kíbọ́ọ̀dù lò pọ̀ nínú ìjọ ìhà tiwa jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tí wọ́n ń kọ, ohùn kejì tí wọ́n sì mọ̀ ni èyí tí ó wà nínú fóònù náà.

Ìyá wa sùn nínú Olúwa ní 2016, ó ti gbó, ó ti tọ́. Ìpàdé ẹbí lórí orin ìsìnkú rẹ̀ le ju èyí tí a ṣe lórí owó lọ. Àbúrò wa ọkùnrin tí ó ń gbé Èkó fẹ́ olórin ńlá kan pẹ̀lú ẹ̀rọ amóhùndún tí gbogbo ìlú yóò gbọ́. Àbúrò wa obìnrin tí ó ń gbé London fẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kọ orin Òyìnbó tí ó gbọ́ níbi òkú kan níbẹ̀. Àwa tí a jẹ́ àkọ́bí tí a sì jẹ́ àlùfáà, olúkúlùkù rò pé tirẹ̀ ni a ó gbè sí. A ní kí a ṣe méjèèjì.

Ní alẹ́ àìsùn, kí olórin tó dé, mẹ́fà nínú àwọn ìyá tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé wá. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n, wọn kò sì béèrè owó. Wọ́n jókòó lórí àga gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Orin tí wọ́n dá jẹ́ orin ilé, ní ẹ̀ka èdè wa, níbi tí ilé ti ń jẹ́ ulé, orin tí à ń fi sin ẹni tí ó ti ná ọjà tán tí ó ń darí lọ. Mẹ́ta mú ohùn kìíní. Méjì mú ìkejì, ṣùgbọ́n wọ́n mú un fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń dúró de ẹnìkan. Ẹ̀kẹfà kò tilẹ̀ la ẹnu. Lẹ́yìn náà ni a bi í léèrè, ó ní, "Iyá rẹ ni ó máa ń ṣíwájú wa nínú ohùn yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwa ń rìn."

Nígbà tí wọ́n dá a lẹ́ẹ̀kejì, ohùn kejì náà gbéra láti ẹ̀yìn wa, ó rinlẹ̀, kò wá ọ̀nà kiri. Àbúrò wa obìnrin ni, èyí tí ó ń gbé London, tí kò gbé ní Èkìtì mọ́ láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, ó ń kọ ọ́ láìwo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹfà gbójú sókè, òun náà sì bẹ̀rẹ̀. Olórin ńlá ti dé nígbà náà, ó ń to ẹ̀rọ rẹ̀ sí ìta. Àbúrò wa ọkùnrin jáde lọ bá a, ó ní kí ó ṣì máa sinmi.

Ọmọ wa obìnrin gba orin alẹ́ yẹn sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀, pẹ̀lú ariwo àga àti ẹkún ọmọdé nínú rẹ̀. Nínú àwọn ìyá mẹ́fà náà, mẹ́ta ni ó kù. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí ara bá gbà wọ́n, wọ́n máa ń wá sí ilé wa, ìyàwó wa a fún wọn ní ẹ̀kọ àti àkàrà, àwa a sì máa kọ ohùn méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú sol-fa tí a kọ́ ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa, d, r, m, ìlà kan lórí èkejì. A ti kọ mẹ́sàn-án parí. Ẹ̀kẹwàá ni ó ń dá wa dúró, nítorí pé ìyá kan tí ó ti Ìtàpá wá ní ibi báyìí ni ohùn kejì ti ń yà, èyí tí ó jẹ́ ọmọ Ìkọ̀lé sì ní rárá, kò yà níbẹ̀ rí ní ayé òun. Ìkẹta ní àwọn méjèèjì tọ̀nà. A ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ lọ́nà méjèèjì títí di Ọjọ́bọ̀ tí ó ń bọ̀.